Ẹ̀rọ Tó Ń Gbóòórùn Ẹja: Oṣù Mẹ́rin Tí Mo Fi Lò Ó Ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́

Ọdún 2021 ni imú mi kú. Àìsàn kòrónà ló fà á. Ibà náà kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, ikọ́ náà lọ, ara mi yá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo padà sídìí àtẹ mi ní Ọjà Olúwo, mo gbé òbòkún símú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé epìyà, mi ò gbọ́. Mo lọ dúró ti àgbá tí a fi ń yan ẹja, èéfín ń ta mí lójú débi pé omi ń jáde, síbẹ̀ imú mi ò mọ̀ pé èéfín wà níbẹ̀. Ẹlẹ́ja tí kò gbóòórùn, bí alájàpá tí kò mọ owó kà ló rí.

Ó tó oṣù méje kí òórùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà fún mi, nígbà tó sì dé, kò dé bó ṣe lọ. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín ń rùn sí mi bíi kẹrosíìnì. Ọṣẹ ìwẹ̀ ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Àárín àkókò yẹn ni mo ta páálí kọ́tẹ̀ kan fún oníbàárà mi tó ń se oúnjẹ òde. Nígbà tí yìnyín ara ẹja náà yọ́ tán nílé rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù: “Ìyá Ìbejì, ẹja yìí ti ń rùn o.” Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Láti ìgbà yẹn, kò ra ẹja lọ́wọ́ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Imú mi kò tíì padà tán títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ₦92,000, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé Ẹ̀pẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ níta, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ sì jọra. Ó tó rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ihò wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Tí ẹ bá nà án sórí ẹja tútù tàbí ẹran tútù, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sínú, yóò sì fi iná hàn lórí fóònù yín: aláwọ̀ ewé ni pé ẹja dára, yẹ́lò ni pé kí ẹ tètè sè é, pupa ni pé kí ẹ gbé e sọnù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ló ṣàlàyé inú rẹ̀ fún mi. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kéékèèké ló wà níbẹ̀, ìpara tin oxide ni wọ́n fi bò wọ́n, iná sì ń mú wọn gbóná gidigidi. Tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹja bá kàn wọ́n, iná mànàmáná a máa gba ara wọn kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á sì ka ìyàtọ̀ náà. Ará Japan kan, Naoyoshi Taguchi, ló ṣe irú sẹ́ńsọ̀ yìí ní 1962, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe ni kí ó máa ké nígbà tí gáàsì ìdáná bá ń jò nínú ilé. Ní 1982, àwọn méjì kan ní Yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Krishna Persaud àti George Dodd, fi hàn pé téèyàn bá kó oríṣiríṣi sẹ́ńsọ̀ jọ, wọ́n lè fi òórùn kan yàtọ̀ sí òmíràn, bí kò tilẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn tó dá òórùn kan mọ̀ délẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ onídùndún ni mo ṣe lóye rẹ̀. Gúdúgúdú nìkan kò lè sọ oríkì ẹnikẹ́ni, kẹríkẹrì nìkan kò lè dá ṣeré, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá dún pọ̀, ẹ mọ ìlù tí wọ́n ń lù. Bí imú tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Nǹkan bí 400 oríṣi ẹ̀yà agbóòórùn ló wà nínú imú ènìyàn, òórùn kọ̀ọ̀kan sì ń jí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Linda Buck àti Richard Axel ló tú àṣírí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ní 1991, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2004. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi, ìwé tó bá a wá sọ pé sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin ló ní, ọ̀kan nínú wọn sì ń wo ooru àti ọ̀rinrin lásán. Ẹ fi mẹ́ta tó kù wé 400.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí òbòkún tó ṣì ń mí, pupa. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí abọ́ omi lásán, pupa. Àgbá ìyanja wà nítòsí mi, èéfín ti kún inú ẹ̀rọ náà bámúbámú. Mo gbé e lọ sétí ọ̀sà, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja wá láti abúlé ń tú èéfín epo bẹntiróòlù síta, pupa ló tún ń tàn. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́ kí wọ́n tó fèsì pé kí n “ka ìwé ìlànà.” Èmi fúnra mi ni mo wá rí ọ̀nà rẹ̀: aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, nínú ṣọ́ọ̀bù, kí n má fi lọ́fíńdà tàbí omi ìfọwọ́ olótí pa ara, kí n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó lò ó. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ ohun tó yéni.

Ibi tí ó ti wúlò gan-an ni ẹja yìnyín tó ti òkun wá: kọ́tẹ̀, ṣáwà, pánlá. Ohun kan wà nínú ẹran ara ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní trimethylamine oxide, kò lóòórùn. Nígbà tí ẹja bá kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa sọ ọ́ di trimethylamine, òun gan-an sì ni òórùn “ẹja, ẹja” tó ń gba imú. Amóníà náà á tẹ̀ lé e. Àwọn yìí ni sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀rọ yìí mọ̀ dáadáa. Mo mú kọ́tẹ̀ méjì láti inú páálí kan náà, mo fi ọ̀kan sínú yìnyín, mo fi èkejì sórí àtẹ lábẹ́ ibòòji. Ní gbogbo wákàtí, mo ń tẹ ẹ̀rọ, mo ń gbé ẹja símú, mo sì ń gbé e lọ fún Àlàájà tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n ti wà ní Olúwo láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní wákàtí kẹrin, Àlàájà ní, “Èyí kì í ṣe ọmọ àárọ̀ yìí mọ́.” Ní wákàtí karùn-ún, ẹ̀rọ tan yẹ́lò. Imú tèmi kò sọ nǹkan kan títí di wákàtí keje. Ẹja inú yìnyín kò kúrò lórí àwọ̀ ewé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wákàtí méjì tí ẹ̀rọ fi ṣáájú imú mi yẹn, ó tó owó tí mo fi rà á. Mi ò ní fi bò. Ká ní mo ní i lọ́dún yẹn ni, oníbàárà mi ì bá má lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Àlàájà ṣe ń ṣe é. Wọn kì í gbé ẹja símú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ṣí etí ẹja, wọ́n á fi àtàǹpàkò nu inú rẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra ara wọn títí á fi gbóná díẹ̀, ìka yẹn ni wọ́n á wá gbé símú. Mo ti ń wò wọ́n láti kékeré, mo rò pé àṣà lásán ni. Òórùn kì í fò dáadáa kúrò lára ohun tó tutù. Ooru ló ń gbé e dìde. Níbi yìí gan-an ni ẹ̀rọ ti kùnà jù. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ́tẹ̀ tó le bí òkúta, ó tan àwọ̀ ewé. Mo jẹ́ kí ẹja kan náà yọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó tan pupa. Ẹja náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dì í ni. Yìnyín bo àṣírí rẹ̀. Tí ẹ bá ń ra ẹja oní-páálí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná aláwọ̀ ewé yìí tàn yín jẹ. Ẹ kọ́kọ́ yọ yìnyín lára ẹyọ kan.

Ẹja ọ̀sà wa ńkọ́? Àwọn ẹja omi tí kò níyọ̀ kì í ní trimethylamine oxide púpọ̀ bíi ti òkun, nítorí náà epìyà àti òbòkún lè ti ń kọjá ìlà kí ẹ̀rọ tó mọ̀. Òbòkún kan wà tí ojú rẹ̀ ti jìn, tí inú etí rẹ̀ ti di eérú, tí mo fi ìka tẹ̀ tí ibẹ̀ kò dìde padà. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀rọ tàn. Àlàájà kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Láti ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti ní kí n gbé e kúrò láàárín ẹja tó kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn onímọ̀ ní Tasmania, ní Australia, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1985 tí wọ́n fi ń fún ẹja ní máàkì: ojú, etí, awọ, bí ara ṣe le sí, òórùn. Ẹja tuntun á gba òdo, bó ṣe ń pẹ́ ni máàkì ń gòkè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹja ní Yúróòpù ń lo irú rẹ̀. Ó kà á fún Àlàájà lórí fóònù rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní, “Wọ́n gbàgbé ikùn. Ikùn epìyà ló ń kọ́kọ́ rọ̀.”

Ní ti ẹja yíyan, ìwé ìlànà ti sọ ọ́ pé kí a má lò ó, òótọ́ sì ni. Èéfín tó wà lára ẹja yíyan ń ta sánsán, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ohun tó dára ni, pupa lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, imú àti ọwọ́ ni kó lò: kó ṣẹ́ ẹ sí méjì kó gbóòórùn àárín rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sí. Tó bá gbọ́ òórùn kẹrosíìnì tàbí ti oògùn apakòkòrò, kó gbé e sílẹ̀. Àwọn nǹkan kan tún wà tí imú Àlàájà kò lè mọ̀, tí ẹ̀rọ mi náà kò lè mọ̀. Èéfín igi máa ń fi benzo[a]pyrene sára ẹja, ó lè fa jẹjẹrẹ. Láti 2014, Yúróòpù kò gbà ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò ẹja yíyan kan, ilé àyẹ̀wò nìkan ló sì lè kà á. Histamine, ohun tí òun náà lè mú àìsàn bá ẹni tó bá jẹ ẹ́, kò lóòórùn. Inú ẹja bíi kọ́tẹ̀ ló ti ń hù nígbà tí ẹja bá pẹ́ níta yìnyín, iná ìdáná kì í sì í pa á. Nítorí náà, iná ẹ̀rọ ì báà jẹ́ àwọ̀ ewé, kọ́tẹ̀ tó ti sùn síta láìsí yìnyín, mi ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti pẹ́ kí n tó dé ibi tó wà lọ́kàn mi jù.

Ẹja àrọ̀ ọ̀sìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jẹ àrọ̀ tó ń rùn bí ẹrẹ̀, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹja náà kò bàjẹ́, kò ní pa yín, ṣùgbọ́n kò sí ata tó lè bo òórùn yẹn. Geosmin ló ń fà á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi adágún àti inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, ẹja sì ń fà á mu nígbà tó ń mí. Òun kan náà ni òórùn tó ń dìde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí nǹkan bí nánógíráàmù 10 bá wà nínú lítà omi kan, ìyẹn ni pé kí ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, kí ẹ wá mú mẹ́wàá nínú rẹ̀, imú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ọ. Mo tẹ ẹ̀rọ mi sórí àrọ̀ tí gbogbo ìsọ̀ wa ń pariwo pé ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Àwọ̀ ewé. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọ̀ ewé.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi náà gbọ́ ọ. Lọ́dún 2022, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń sá aṣọ, òórùn ilẹ̀ sì bá mi lójijì. Òun ni òórùn àkọ́kọ́ tó padà sí mi lódindi, láìyí padà, bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, mo sunkún. Òórùn yẹn kan náà ni mo tún gbọ́ lára àrọ̀ yẹn, èyí tí ẹ̀rọ ₦92,000 kò lè gbọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí a dán an wò bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe é. Ó ra àrọ̀ láti adágún kan ṣoṣo, ó fi díẹ̀ sínú omi tó mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin láìfún un lóúnjẹ, kí ẹrẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Ó bọ gbogbo rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ó wá gbé abọ́ mẹ́ta síwájú wa, ó dé wọn, ó kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn: méjì jọra, ọ̀kan yàtọ̀. Ká mú èyí tó yàtọ̀. Kò gbà kí a jẹ obì, kò gbà kí a sọ̀rọ̀ síra wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe é. Àlàájà mú márùn-ún nínú mẹ́fà. Èmi mú mẹ́rin. Ó ní ẹni tó kàn ń ro ó lásán á máa gba ọ̀kan nínú mẹ́ta, àti pé márùn-ún nínú mẹ́fà kì í ṣe oríire rárá, ṣùgbọ́n mẹ́rin tèmi, ẹni tó kàn ń méfò lè mú un ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá. “Àǹtí, ẹ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀,” bó ṣe wí nìyẹn. Mo gbà.

Ó tún sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ní àwọn ilé àyẹ̀wò ńlá, tí ẹ̀rọ olówó ńlá ti ń tú òórùn oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, wọ́n máa ń ya ọ̀pá kan sí ìparí ẹ̀rọ náà, èèyàn á sì gbé imú sí ẹnu ọ̀pá yẹn, á máa sọ ohun tó ń gbọ́ bí òórùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde. Àlàájà ní, “Imú ẹni náà ni wọ́n ṣì ń wá.”

Kí n má purọ́ fún imú o. Imú máa ń rẹ̀. Tí ẹ bá ti wà ní Olúwo fún wákàtí kan, ẹ ò ní gbọ́ òórùn ọjà mọ́, ẹja tó ń bàjẹ́ sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Àlàájà máa ń jáde lọ sétí ọ̀sà, wọ́n á gbé imú sí ìgbúnwọ́ ara wọn, wọ́n á mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n tó padà wá yan ẹja fún oníbàárà tó ṣe pàtàkì. Ọ̀rinrin náà sì ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu ju bó ṣe ń yọ imú lọ: láàárín òjò oṣù Keje, ó tan yẹ́lò sórí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú àwọ̀n.

Máàkì tí mo fún un: mẹ́ta nínú márùn-ún. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Áàpù rẹ̀ kò dára; ó ń béèrè dátà kó tó ṣí, ó sì ń béèrè ọjọ́ ìbí mi, èyí tí mi ò mọ ohun tó fi fẹ́ ṣe. Tí ẹ bá ń ra ẹja yìnyín ní páálí páálí, tàbí tí àìsàn ti gba imú lọ́wọ́ yín bíi tèmi, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ ẹja ọ̀sà, àrọ̀ ọ̀sìn tàbí ẹja yíyan lẹ wá rà ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fi owó náà ra ẹja, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn. Ẹni tó bá sì ti ra àrọ̀ tó ń rùn bí ẹrẹ̀ ná, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dáadáa kó fi í sílẹ̀ díẹ̀. Kíkan ọsàn ń sọ geosmin di ohun tí kò lóòórùn mọ́.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n já ẹja sílẹ̀ ní bíi aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àlàájà ti fi òfin kan lélẹ̀ láàárín àwa méjèèjì: èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́, kí wọ́n tó sọ tiwọn. Mo ṣí etí òbòkún kan, mo fi àtàǹpàkò nu ún, mo ra á títí ó fi gbóná, mo gbé e símú. Mo ní, “Omi ọ̀sà. Àti nǹkan díẹ̀ bíi kùkúńbà.” Wọ́n gba ìka mi, wọ́n gbé e símú tiwọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé òbòkún náà sínú yìnyín, kí n wá mú èkejì.